Mítà Tí Mo Yọ Dànù

Owó àwọn ayálégbé ni mo fi ṣòfò, kì í ṣe tèmi nìkan. Ká ní tèmi nìkan ni, ǹ bá ti gbé e mì kí n dákẹ́. Èmi ni mò ń bójú tó ilé bàbá wa ní Onígbòǹgbò. Nígbà tí ọdún 2024 ń lọ sópin, èmi ni mo pe gbogbo wọn jọ pé mítà ilé fẹ́ kú, kí kálukú dáwó ká fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀.

N kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ọ̀rọ̀ mítà ti gba ìgboro. Ikeja Electric, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, kéde pé mítà Unistar kò ní wúlò mọ́ tó bá ti di ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ "mítà", mo gbọ́ "pààrọ̀", n kò dúró gbọ́ "Unistar". Tiwa kì í ṣe Unistar. Orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ gàdàgbà lábẹ́ eruku. N kò nu eruku náà wò.

Àléébù tó fa ìkéde yìí kì í ṣe ti Ìkẹjà nìkan. Gbogbo tókìn iná tí a bá rà ló ní àkókò nínú, ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni wọ́n sì ń kà á bọ̀ láti ọjọ́ kìíní ọdún 1993. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún kíkà náà kò gbà ju ìṣẹ́jú 16,777,216 lọ. Ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 2024 ló kún. Mítà tí wọn kò bá tíì tún ṣe títí di ọjọ́ náà kò ní gba tókìn mọ́. Àtúnṣe ọ̀hún kò sì ju nọ́ńbà lásán lọ: tókìn méjì tí wọ́n ń pè ní KCT, ogún nọ́ńbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn á tẹ àkọ́kọ́, á tẹ èkejì, mítà á sì bẹ̀rẹ̀ ìkà tuntun láti 2014. Ọ̀fẹ́ ni.

KCT tiwa ti dé ọwọ́ wa ká tó yọ mítà náà. Màmá tó ń ta ẹja dídì ní yàrá ìsàlẹ̀ ló ra iná lọ́jọ́ kan. Ó na rìsíìtì sí mi: "Ọmọ onílé, nọ́ńbà gbọọrọ wo ni wọ́n tún kọ sókè tókìn yìí?"

"Ẹ má dá a lóhùn, Mà. Mítà yẹn ti ń lọ."

Oníṣẹ́ iná kan ládùúgbò ló bá wa wá òmíràn. Ó já síìlì, ó yọ ti àtijọ́, ó gbé tuntun kọ́. Yúníìtì díẹ̀ wà nínú rẹ̀, iná sì tàn, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́. Ìgbà tí yúníìtì tán ni ojú tó já mi. A fẹ́ ra tókìn, nọ́ńbà mítà náà kò bá orúkọ ẹnikẹ́ni mu. Ní ọ́fíìsì iná, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí, pé ẹni tó bá sì já síìlì láìgbàṣẹ ti rú òfin. A san owó ìtanràn. Fóònù oníṣẹ́ iná kò wọlé mọ́. Ẹja màmá yọ́ nínú firísà, ó rùn dé ẹnu géètì.

Kódà ká ní Unistar ni tiwa, kò yẹ kí n gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, dá sí ọ̀rọ̀ Unistar pé owó pípààrọ̀ kò gbọdọ̀ já lé oníbàárà lórí. Ohun kan náà ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, wí.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ òkèèrè. Ní 1994, àṣírí tú pé Pentium, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí Intel ṣe, máa ń ṣi ìṣirò pínpín kan ṣe. Intel kọ́kọ́ ní ẹni tó bá lè fi hàn pé ó pa iṣẹ́ òun lára nìkan ni àwọn máa pààrọ̀ rẹ̀ fún. Àwọn èèyàn fárígá. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá, ó gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Ó ná an ní mílíọ̀nù 475 dọ́là. Ẹni tó ṣe ọjà ló sanwó, kì í ṣe ẹni tó rà á.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹ̀rọ yín ní àléébù, ìbáà ṣe mítà tàbí fóònù tí ẹ rà ní Computer Village, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àtúnṣe wà. Bó bá wà, ẹ ṣe é kí ẹ máa lo ẹ̀rọ yín lọ. Bí kò bá sí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tó fún yín, pẹ̀lú ìwé àti lórí owó tirẹ̀. Ẹ̀rù òkùnkùn ló bà mí tí mo fi fo ìbéèrè yẹn, ẹni tó bá sì ti ń bẹ̀rù, owó rẹ̀ kì í pẹ́ bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀.

Mò ń yọ owó àwọn ayálégbé padà fún wọn lára owó ilé. Ìkà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ láti 2014 náà yóò kún ní 2045. Ẹni tó bá ń bójú tó ilé wa nígbà náà, kó ka rìsíìtì tán kó tó ké sí oníṣẹ́ iná.