Ẹrù Dídì fún Ọ̀nà Jíjìn

Láti ìgbà tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ti ti òkè òkun dé ni àwọn ará ìjọ wa ti ń bi mí léèrè ohun tí ó yẹ kí ènìyàn dì sínú àpótí bí ọmọ bá ránṣẹ́ pè é láti ọ̀nà jíjìn. Ìbéèrè náà dàbí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi àṣìṣe kọ́ ọgbọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré rárá. Nítorí náà ni mo ṣe mú kálàmù, kí ẹlòmíràn má baà jìn sí kòtò tí àwa jìn sí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni a gbéra láti Ìbàdàn. Ọmọbìnrin wa, tí ó ń gbé ní Peckham ní ìhà gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ni ó bí àkọ́bí rẹ̀, ó sì bẹ̀ wá pé kí a wá bá òun wẹ ọmọ. Oṣù mẹ́ta ni a ó lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àpótí méjì méjì ni ọkọ̀ òfuurufú gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má sì ju kílò 23 lọ.

Nígbà tí a gbọ́ pé àpótí mẹ́rin ni, a rò pé a ti di olówó. Ìyá àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀lùbọ́, gàrí, ẹ̀gúsí, ata gígún, irú àti ọṣẹ dúdú. Èmi náà kó agbádá mẹ́ta àti odindi aṣọ òkè kan, nítorí mo rò pé aṣọ tí ó wúwo ni aṣọ tí ń lé òtútù. Nígbà tí a gbé àpótí kìíní ka orí òṣùwọ̀n, kílò 29 ni. A tú u, a tún un dì, a tún tú u. Òru mẹ́ta ni a fi ń jà pẹ̀lú ẹ̀lùbọ́, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ibi tí oògùn wà.

Ẹ̀yin ará, ọdún kẹsàn-án nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá ìyá àwọn ọmọ mi jà. Oríṣi oògùn méjì ni ó ń gbé mì ní àràárọ̀, kì í jẹ́ kí ọjọ́ kan yẹ̀. Ó wé oògùn oṣù mẹ́ta sínú gèlè, ó fi ìwé tí dókítà kọ orúkọ wọn sí tì í, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí ńlá, kí ó má baà sọnù. Àwọn àgbà sọ pé a kì í ru ẹran erin lórí kí a máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ìrẹ̀ gan-an ni àwa ń wà.

Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ti Ìkejà, àpótí kan fi kílò mẹ́ta ju òṣùwọ̀n lọ. Lójú gbogbo ènìyàn ni a ti ṣí i, tí a sì ń fa ìró àti bùbá jáde bí ẹni tí ń pàtẹ lọ́jà. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n àròpin ìyà wa kọ́ ni èyí.

Nígbà tí àwọn bàbá wa ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀. Irú rẹ̀ ni Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951, tí ó sì ń ná ọ̀nà Èkó sí Liverpool fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó dá a dúró ní 1974. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lò lójú omi. Díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń tutù, díẹ̀díẹ̀ ni èrò ń yọ aṣọ nípọn jáde, ara a sì ti mọ òtútù kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú fi gbé wa láti Èkó dé Heathrow. Inú òógùn ni a ti wọlé, inú òtútù ni a sọ̀ sí, aṣọ òtútù wa sì wà nínú àpótí tí kò sí lọ́wọ́ wa.

A dúró ti ibi tí ẹrù ń yí kiri. Àpótí kìíní dé, èkejì dé, ẹ̀kẹta dé. A dúró títí èrò fi tán, ẹ̀kẹrin kò dé. Èyí tí oògùn wà nínú rẹ̀ ni. Wọ́n kọ orúkọ wa sílẹ̀, wọ́n ní kí a máa lọ, pé àwọn yóò gbé e wá. Bí a ti jáde, ọkọ ọmọ wa wo ìyá ìyàwó rẹ̀ nínú bùbá léèsì tí ń gbọ̀n, ó bọ́ kóòtù ara rẹ̀, ó sì fi bò ó. N kò ní gbàgbé ọmọ náà.

Ọjọ́ kìíní kọjá láìsí oògùn. Ní ọjọ́ kejì, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ọmọ wa ní, "Ẹ̀yin Màmá, kí ni orúkọ oògùn yín?" Ìyá rẹ̀ dáhùn pé ọ̀kan funfun, ọ̀kan sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé, tí mo ti ń kọ orúkọ ẹrù elẹ́rù sínú ìwé láti ogún ọdún, n kò mọ orúkọ oògùn tí aya mi ń lò! Ìtìjú èyí ju ti Ìkejà lọ. A tẹ ọmọkùnrin wa láago ní Ìbàdàn. Ó wọ yàrá wa, ó sì rí páálí òfìfo kan lójú fèrèsé àti ọ̀kan nínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Ó ka orúkọ àti ìwọ̀n wọn fún wa, létà kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹta, a sanwó fún dókítà kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá wa wí, ó sì kọ oògùn náà. Àpótí dé ní ọjọ́ karùn-ún, irú ti bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ìyá àwọn ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn wọ̀nyí.

Èkínní: oògùn, ìwé ìrìnnà, owó àti awò ojú, inú àpò ọwọ́ ni ààyè wọn. Ẹ fi oògùn sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé méjì; kí ọ̀kan wà lára yín, kí ìkejì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó wà nílé. Bátìrì tí a fi ń gba iná sínú fóònù kò gbọdọ̀ wọ àpótí ńlá, nítorí ó lè gbiná níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ní ti ohun olómi, òfin tí ó dé ní ọdún 2006 ṣì wà ní ọ̀pọ̀ pápá ọkọ̀ òfuurufú: ìgò tí ó ju mìlílítà 100 lọ kò gbọdọ̀ bá yín wọ inú ọkọ̀.

Èkejì: ẹ má ṣe to gbogbo aṣọ ẹnì kan sínú àpótí kan. Ẹ pín in, kí ti ọkọ wà nínú ti aya, kí ti aya sì wà nínú ti ọkọ, kí ó má baà jẹ́ pé bí ọ̀kan bá sọnù, ẹnì kan a wà láìní aṣọ.

Ẹ̀kẹta: fún òtútù, aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin sàn ju aṣọ wúwo kan lọ. Síńgílẹ́ẹ̀tì, ṣẹ́ẹ̀tì, súẹ́tà onírun àgùntàn, lẹ́yìn náà kóòtù tí kò gba òjò àti afẹ́fẹ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín wọn ni ó ń pa ooru ara mọ́. Inú ilé wọn ń móoru, ènìyàn a sì lè máa bọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agbádá mi gbé afẹ́fẹ́ wọlé bí ìgbòkun ọkọ̀! Ẹ gbé súẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀. Aṣọ òkè kan tó fún ìsìn àti ìkómọjáde.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má ṣe di ẹran tàbí wàrà, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí a gbé wọn wọlé láti ilẹ̀ wa. Ẹ má sì fi ẹ̀lùbọ́ pa ara yín. Nígbà tí ara ìyá àwọn ọmọ yá, a rìn lọ sí Rye Lane, ní Peckham kan náà. Ẹ̀yin ará, iṣu wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, gàrí àti ẹ̀lùbọ́ wà níbẹ̀, Yorùbá sì ni ẹni tí ń tà á fi kí wa. Ìyá àwọn ọmọ wò mí, mo wò ó, a kò lè sọ̀rọ̀.

Pọ́ọ̀lù Àpósítélì pàápàá gbàgbé aṣọ sílé onílé. Ó kọ̀wé sí Tímótíù pé kí ó bá òun mú agbádá òtútù tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì bọ̀, àti àwọn ìwé, kí ó sì gbìyànjú kí ó dé ṣáájú ìgbà òtútù. Ṣùgbọ́n òun mọ orúkọ ohun tí ó fẹ́, ó mọ ibi tí ó wà, ó sì mọ ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni èmi kò mọ̀.

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Nígbà tí a ń bọ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024, èmi fúnra mi ni mo di ẹrù. Oògùn ni mo kọ́kọ́ mú, mo sì ka orúkọ rẹ̀ sókè kí n tó fi í sínú àpò ọwọ́. Ìyá àwọn ọmọ ní, "Baálé mi, ẹ ti wá mọ̀ ọ́n báyìí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi ni ti yín nítòótọ́,
Katikísì kan, Ìbàdàn.