Ẹ Ka Oṣù Kí Ẹ Tó Di Ẹrù: Ìrìn-Àjò Afẹ́ Lọ sí Ọdún Ìbílẹ̀ ní Èkìtì

A kì í gbọ́ ìró ìlù tán ká tó máa wá bàtà. Ẹni tó bá fẹ́ wo ọdún ìbílẹ̀ láìjẹ ìyà ní láti mọ oṣù tí ọdún náà bọ́ sí, ibi tí òun yóò sùn, àti ẹni tí yóò mú òun dé ààfin. Láìpẹ́ yìí, àwọn ẹbí wa mẹ́fà, mẹ́rin láti Lọ́ńdọ́nù àti méjì láti Èkó, ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ń gbọ́ bí àwọn olówó ṣe ń lọ gbafẹ́ ní Íńdíà nítorí ọdún ìbílẹ̀ ibẹ̀, àti pé àwọn fẹ́ kí n bá àwọn ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ nílé. Wọ́n lówó lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ ìrọ̀rùn. Mo ní kò burú. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe l'Ádó títí mo fi fẹ̀yìn tì, káléńdà kò sì ṣàjèjì sí mi.

Òtítọ́ ni pé àwọn ará Íńdíà mọ bí a ti ń fi ọdún gba àlejò. Láti 1982 ni ọkọ̀ ojú irin kan tí wọ́n ń pè ní Palace on Wheels ti ń gbé àwọn olówó káàkiri àwọn ìlú ọba ní Rajasthan; inú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Ṣùgbọ́n olówó kò lè sọ fún oṣù ojú ọ̀run pé kó dúró de òun. Ọdún Diwali, tí wọ́n ń tan fìtílà sí gbogbo ojúde, bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ní 2023, ó sì bọ́ sí ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ní 2025. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwa. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí í máa ń jẹ́ ọjọ́ kẹta Iléyá, wáyé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ní 2024. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni. Nítorí náà, òfin kìíní nìyí: ẹ má fi ọjọ́ ti èṣí san owó ọkọ̀ òfuurufú ti ọdún yìí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ọdún.

Nígbà tí mo tẹ́ ọdún sílẹ̀ níwájú àwọn ẹbí mi, báyìí ni mo ṣe kà á. Ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá fẹ́ rìn jìnnà lè lọ wo ọdún ẹja pípa ní Argungu lókè Ọya. Lẹ́yìn èyí ni ti Ìjẹ̀bú, bí Iléyá bá ṣe bọ́ sí. Oṣù kẹjọ, tí àwọn baba wa ń pè ní oṣù Ògún, ni ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, níbi tí Arugbá ti ń ru igbá lọ sí igbó tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Oṣù yìí kan náà ni Ùdírókò l'Ádó. Ní oṣù kẹsàn-án ni Igogo ní Ọ̀wọ̀, níbi tí wọn kì í ti í lùlù rárá, agogo ni wọ́n ń lù, tí Ọlọ́wọ̀ alára á sì di irun rẹ̀ bí obìnrin.

Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ọdún fi pọ̀ tó báyìí nígbà òjò?” Mo ní iṣu ni. Àkókò yìí ni iṣu tuntun ń jáde lóko. Láyé àtijọ́, ó di ìgbà tí a bá dúpẹ́ tán kí ẹnu tó kàn án. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ kí òjò pa òun ní Èkìtì, ọdún ni kò fẹ́ rí yẹn.

A bẹ̀rẹ̀ ìrìn wa. Wọ́n fò láti Èkó wá sí Àkúrẹ́, mo sì gbé ọkọ̀ lọ pàdé wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kìíní ti ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi kan ti rí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Àkúrẹ́, ó ní kí a máa sùn síbẹ̀, kí a máa lọ wo ọdún l'Ádó ká sì padà lálẹ́. Mo kọ̀. Mo ní, “Ọmọ ìyá mi, bí ẹ bá jẹun l'Ákùúrẹ́, tí ẹ sùn l'Ákùúrẹ́, kí ni Adó jẹ nínú ọdún Adó? Ìyá tó gún iyán sílẹ̀ ńkọ́? Onílù ńkọ́? Aláṣọ tó ti ra ọjà sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta ńkọ́?” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ṣé omi máa ń yọ nínú ẹ̀rọ níbẹ̀. Mo ní ó ń yọ. A kọjá sí Adó.

Ùdírókò ni ọdún tí Adó fi ń ka ọdún tuntun rẹ̀. Ìdí igi ìrókò ni orúkọ náà ti wá, nítorí ìdí rẹ̀ ni ọba àti ará ìlú ń pé jọ sí. Ní ọjọ́ náà, Ẹ̀wí á jáde pẹ̀lú adé ìlẹ̀kẹ̀, àwọn ìjòyè á máa wá ní ipò ní ipò láti forí balẹ̀, tìlùtìlù, tọmọtọmọ. Onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Ọmọ Adó ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Àbúrò mi yìí kan náà pẹ́ kó tó dé, torí ó ń tún aṣọ wọ̀. Nígbà tó dé, ìjòyè kan tó fẹ́ fi ẹ̀rọ gba àwòrán rẹ̀ ti forí balẹ̀ tán. Ó fa bàbá àgbà kan sẹ́yìn, ó ní bí wọ́n bá lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á fún wọn lówó gidi. Bàbá wò ó, kò bínú. Ó ní, “Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ọba la kí, a kò kí ọ. Ẹ̀ẹ̀kan la ń kí i lọ́dún. Wá lọ́dún tó ń bọ̀, kí o sì tètè dé.” Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Bí owó bá lè tún ìkíni ṣe, kò sí ìkíni mọ́ nìyẹn, eré orí ìtàgé ni, àlejò kò sì ní rí ìdí kan tí yóò fi ti Lọ́ńdọ́nù wá wò ó.

Ọjọ́ kejì, a lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Òkúta ńlá méjì ló wà níbẹ̀, Olóṣunta àti Òrólẹ̀. Olóṣunta ní ọdún tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú àwọn ará Lọ́ńdọ́nù lọ́kàn jù ni ìtàn ilẹ̀kùn ààfin Ọ̀gọ̀gà. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére, tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ẹ, ó sì ya Ọ̀gọ̀gà àti aṣojú òyìnbó tó wá kí i sára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ní Wembley ní 1924, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi àga ọba tí wọ́n ṣe níbẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní, “Ìlú tí ẹ ti wá ni ilẹ̀kùn yìí wà.” Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti rí i rí. Wọ́n ní báwọn bá padà, ibẹ̀ làwọn yóò kọ́kọ́ lọ.

A yà sí Ìrè, ìlú tí ìtàn sọ pé Ògún ti wọlẹ̀. A sì fi ọjọ́ méjì sinmi ní Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Ẹni tó bá ń wá ìgbádùn, kí ó ti ẹsẹ̀ bọ omi yẹn lẹ́yìn ọjọ́ ọdún. Kí ó sì ra ẹní Ògótùn kó tó kúrò ládùúgbò náà, kó má nájà kọjá ààlà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ràn díẹ̀ kún un. Ẹ gba yàrá ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ẹ mú ẹni ìlú dání, ẹ jẹ́ kó mú yín lọ kí àwọn àgbà kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó jẹ́ èèwọ̀, àwọ̀ aṣọ tí wọn kò fẹ́, ibi tí obìnrin tàbí àlejò kì í dé, àti bóyá ìsémọ́ wà lálẹ́. Ẹ gba àyè kí ẹ tó ya àwòrán. Ẹ̀yin oníṣòwò wa náà, ẹ má gbé owó iyán sókè torí pé ẹ rí aṣọ òkèèrè. Àlejò tí ẹ bá rẹ́ jẹ kò ní padà wá. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ọdún ìlú wọn dáadáa, torí àwọn ni àlejò yóò béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́la.

Àwọn ẹbí mi ti padà. Àbúrò mi ti kọ̀wé béèrè ọjọ́ Ùdírókò tó ń bọ̀. Mo fèsì pé kó ní sùúrù, ààfin kò tíì kéde.