Okùn Le, Ṣùgbọ́n Kókó Ń Yọ̀

Etí omi ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, láti ẹnu bàbá apẹja kan ní Agboyi, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí inú mi bàjẹ́ gidigidi.

Ohun tí ó bà mí nínú jẹ́ nìyí. Àbíkẹ́yìn wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, gba owó ìdánwò rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì kó o lọ sí ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní àdúgbò wa ní Ọjọ́ta. Gbogbo owó náà ló ṣòfò. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí wọ́n parí ìforúkọsílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó gbọ́. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì jáde síta. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni èmi àti ọmọ náà kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀, èmi tí mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ti ń tọ́mọ! Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ìyàwó mi sọ fún mi pé, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọmọ yín dání lọ síbi tí ẹ ti ń pẹja lọ́la.” Mo gbà, nítorí pé n kò fẹ́ bá a jiyàn.

Láti Ọjọ́ta, a gba Kétu dé etí omi, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Agboyi. Apá ibẹ̀ ni omi Odò Ògùn ń gbà wọ ọ̀sà Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé agbègbè Máìlì 12 mọ odò yìí dáadáa. Ẹ rántí bí ó ti lé àwọn ènìyàn jáde nínú ilé wọn ní ọdún 2010, nígbà tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán. Omi náà kì í dúró lójú kan. Ó ń kún lákòókò òjò, ó sì ń fà lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè yí bí ìwọ̀ rẹ̀ yóò ti jìn tó padà nígbàkúùgbà.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. A ó mú kọ́ọ̀kì tí a ti lu ihò sí láàárín, a ó sì fi okùn bọ inú rẹ̀ kí ó lè máa yọ̀ kọjá. Lókè kọ́ọ̀kì náà a ó fi ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan sí i. Lókè ìlẹ̀kẹ̀, a ó fi òwú ta kókó mọ́ okùn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni òjé wà, àti ìwọ̀ pẹ̀lú ekòló. Bí a bá jù ú sómi, òjé yóò fa okùn lọ sísàlẹ̀, okùn yóò máa gba inú kọ́ọ̀kì kọjá títí kókó yóò fi kan ìlẹ̀kẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò dúró. Kọ́ọ̀kì yóò nàró lójú omi, ekòló yóò sì wà níbi tí ẹja wà. Bí omi bá kún, a ó fi ọwọ́ ti kókó sókè. Bí omi bá fà, a ó tì í wá sísàlẹ̀.

Okùn ọ̀rá ni mo ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, arákùnrin kan fún mi ní okùn tuntun tí wọ́n hun, fọ́nrán mẹ́jọ tí a dì pọ̀ bí irun orí obìnrin. Ó tínrín, kì í fà gùn, agbára rẹ̀ sì ju ti ọ̀rá tí ó nípọn jù ú lọ. Nígbà tí mo rí i, mo rántí okùn onífọ́nrán mẹ́ta inú Oníwàásù 4:12 tí kì í tètè já. Mo ní ọwọ́ mi ti ba okùn gidi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo ta kókó mi bí mo ti máa ń ta á, mo yí òwú ká a ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì ju ìwọ̀. Kọ́ọ̀kì kò nàró. Ẹ̀gbẹ́ ló fi lélẹ̀ lójú omi, nítorí pé òjé ti dé ìsàlẹ̀ odò. Mo fà á wálé. Kókó ti yọ̀ lọ sókè. Mo tún un ta, ó tún yọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bákan náà. Ọmọ mi jókòó, kò sọ nǹkan kan.

Bàbá kan wà nítòsí tí ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe, tí ó fi sálúbàtà rọ́bà àtijọ́ tí ó gé wẹ́wẹ́ ṣe ohun tí ń gbé àwọ̀n náà léfòó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Pásítọ̀, okùn yín le. Kókó yín ló ń yọ̀.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi.”

Ó ní okùn híhun dán, kókó kò rí ibi dì mú lára rẹ̀ bí ó ti ń rí lára ọ̀rá. Ó ní kí n lo òwú gidi tí télọ̀ fi ń rán bọ́tìnnì, kí n yí i ká ní ẹ̀ẹ̀meje. Kí n fi itọ́ tutù ú kí n tó fà á, kí n sì fà á díẹ̀díẹ̀. Kí n má gé etí òwú kúrú jù, nítorí yóò di dandan kí n tún un fún. Ó ní ihò ìlẹ̀kẹ̀ mi ti tóbi jù, àti pé kí n so ọ̀rá bí ẹsẹ̀ bàtà méjì mọ́ ìsàlẹ̀, nítorí okùn híhun rọ̀, ó máa ń lọ́ mọ́ ìwọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìka ti kókó náà wò, ó ní, “Ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ lè tì í. Kọ́ọ̀kì kò gbọdọ̀ lè tì í.”

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yìí gún mi lọ́kàn. Ọdún kan ṣáájú ni mo ti ṣòfin nínú ilé mi pé kò sí tẹ́tẹ́, àti pé aago mẹ́jọ alẹ́ ni kí gbogbo ọmọ ti wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí ọmọ yìí pẹ́ níta, ìpàdé àdúrà ni mo wà. Nígbà kejì, mo ń múra ìwàásù sílẹ̀. Nígbà kẹta, ó ti rẹ̀ mí. Díẹ̀díẹ̀ ni òfin náà ń yọ̀ tí n kò mọ̀. Mo gbójú lé agbára okùn: a ń gbàdúrà òwúrọ̀ lójoojúmọ́, ilé pásítọ̀ sì ni ilé wa. Òótọ́ ni, okùn náà le. Kókó ni n kò yí tó. Nígbà tí mo sì wá rí i pé ó ti yọ̀, mo fà á gbígbẹ, pẹ̀lú ariwo àti ìbínú, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti máa ń wàásù lórí Éfésù 6:4 pé kí àwọn bàbá má ṣe mú àwọn ọmọ wọn bínú.

Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́ láti ta òwú wẹ́wẹ́. Ọmọ mi na ọwọ́, ó gba okùn náà. Ó yí i ní ẹ̀ẹ̀meje. Ó wojú mi, ó ní, “Dádì, ṣé kí n fi itọ́ sí i?” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá mi sọ láti ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Mo ní, “Fi sí i, ọmọ mi.”

Kọ́ọ̀kì nàró. Bí a ti ń wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀ fún mi, bí ó ti kọ́kọ́ jẹ owó kékeré, bí ó ti rò pé òun yóò dá owó ìdánwò padà kí n tó mọ̀. N kò pariwo. Mo sọ fún un pé èmi náà jẹ̀bi, nítorí n kò bi í léèrè. Àwa méjèèjì sunkún.

Epìyà méjì péré la mú lọ sílé. Nínú Mátíù 17:27, Jésù rán Pétérù lọ ju ìwọ̀, owó sì wà lẹ́nu ẹja tí ó mú. Kò sí owó lẹ́nu tiwa. Owó àjọ ìyá rẹ̀ la fi san owó ìdánwò náà, ọmọ náà sì ń bá a ru ẹrù tòmátì lọ́jà Máìlì 12 ní gbogbo Sátidé láti fi san án padà. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, èmi àti òun a jókòó, a ó ti kókó náà wò. Ẹ̀ẹ̀kan ó tún pẹ́ níta. A tún un fún, láìsí ariwo.

Ẹ̀yin òbí, òfin wo ni ẹ ṣe nínú ilé yín tí ẹ kò tì wò mọ́? Ẹ tì í wò lálẹ́ òní, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tútù ṣe é. Kí Olúwa má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa yọ̀ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ní orúkọ Jésù. Àmín.