Kí Ẹ Tó Sanwó Búlọ́ọ̀kù

Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ ti ra ilẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, mo fò fáyọ̀. Olúwa á jẹ́ kí ẹ kọ́ ilé ibẹ̀ parí láyọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó búlọ́ọ̀kù. Símẹ́ǹtì ló ń gbé owó lọ nídìí iṣẹ́ yẹn. Èéfín tí ṣíṣe símẹ́ǹtì ń tú sójú ọ̀run kò sì kéré: nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 gbogbo afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú síta, ibẹ̀ ló ti ń wá. Ohun tó lè dín símẹ́ǹtì kù wà nítòsí wa: eérú èèpo ìrẹsì.

Ìwọ náà mọ ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀tà tí Ààrẹ Buhari ṣí lóṣù kìíní ọdún 2023. Wọ́n kọ́ ọ láti máa bó tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìrẹsì tí a kò tíì bó ló jẹ́ èèpo. Ìyẹn ni pé bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára, èèpo tó ń jáde ní wákàtí kan á lé ní tọ́ọ̀nù 6! Eérú èèpo yìí kún fún sílíkà tó máa ń bá símẹ́ǹtì dì mọ́ra. Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ lo òṣùwọ̀n símẹ́ǹtì mẹ́wàá, ẹ lo mẹ́sàn-án, kí ẹ fi eérú dípò ẹyọ kan.

Àmọ́ iná tí ẹ bá fi sun èèpo náà kò gbọdọ̀ le jù. Bó bá ti kọjá nǹkan bí 700 °C, sílíkà náà á yí padà, kò sì ní wúlò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Eérú tó bá ṣì dúdú kò tíì jóná tán. Ẹ fi ajọ̀ ku èyí tó ti jóná tán kó kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Tí wọ́n bá tẹ búlọ́ọ̀kù tán, ẹ bò ó kúrò lóòrùn, kí ẹ máa wọ́n omi sí i. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó le, nítorí náà ẹ fún un ní ọjọ́ 28.

Ilẹ̀ pupa tí wọ́n bá wà jáde níbi ìpìlẹ̀, ẹ má kó o dànù. NBRRI, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ilé kíkọ́ àti ọ̀nà, tó ní yàrá ìwádìí ní Ọ̀tà, ti ń po irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ símẹ́ǹtì ìdá 5 péré nínú 100, tí wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di búlọ́ọ̀kù.

Ti ọ̀rá píọ̀wọ́tà àti ike ńkọ́? Ní Côte d'Ivoire, UNICEF àti ilé iṣẹ́ Conceptos Plásticos ti fi búlọ́ọ̀kù ike kọ́ kíláàsì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ́ ike nínú ọgbà yín; èéfín rẹ̀ léwu fún àwọn ọmọ.

Jọ̀wọ́, bá bíríkìlà yín sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ díẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀, kí ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè mọ agbára rẹ̀. Èyí tó bá yege ni kí ẹ fi mọlé. Kọ̀wé sí mi kíákíá.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Tọ́lá.