Ìsoríkọ́ Kì í Ṣe Abísínwín

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀, kò sọ ìsọkúsọ, kò sì sá jáde nílé. Ó ń fún ọmọ lọ́yàn, ó ń wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò rí oorun sùn, ẹkún rẹ̀ kò sì nídìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn àgbà ilé ní fún un: abísínwín. Wọ́n rọra ń sọ ọ́, ó sì gbọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti pa ẹnu mọ́. Ta ni yóò jẹ́wọ́ pé inú òun bàjẹ́ bí wọ́n bá máa tìtorí ẹ̀ pè é ní wèrè?

Àìsàn gidi ni abísínwín, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Ìsoríkọ́ lẹ́yìn ìbímọ ló wọ́pọ̀ jù ú lọ fíìfíì, ìwádìí lórí rẹ̀ sì ń tẹ̀síwájú.

Oògùn akunnilóorun ni ketamine. Láti 1970 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà. Esketamine wá láti ara rẹ̀. Ní 2024, ìwé àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ BMJ gbé ìwádìí kan jáde láti Ṣáínà. Àwọn ìyá 364 tí àmì ìsoríkọ́ ti hàn lára wọn nínú oyún ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ti bímọ, wọ́n fa esketamine díẹ̀ sí iṣan àwọn kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi iyọ̀ lásán ni àwọn yòókù gbà. Lọ́jọ́ kejìlélógójì, ìsoríkọ́ mú 12 nínú 180 tó gba oògùn, ó sì mú 46 nínú 181 tí kò gbà á. Òòyì kọ́ àwọn mìíràn tó gbà á, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi lọ. Kì í ṣe oògùn tí ènìyàn ń rà lò fúnra rẹ̀ o. Ojú oníṣègùn ni wọ́n ti ń lò ó.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé kí abẹ́rẹ́ tó dé, ìbéèrè ló kọ́kọ́ dé. Ìbéèrè 10 ni wọ́n fi mọ àwọn ìyá wọ̀nyí: ṣé ẹ̀rín ṣì ń pa á, ṣé ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn kankan kò lè dé ọ̀dọ̀ ìyá tí ẹ̀rù orúkọ ti pa lẹ́nu mọ́.

Àwa tí a kọ́ èdè ní ẹ̀ka yìí ní iṣẹ́ níbẹ̀. Mo dábàá “ìsoríkọ́ abiyamọ”. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó mú un wá. A máa ń kí ìyá ìkókó pé “ẹ kú ewu ọmọ”, bí ẹni pé ewu ti kọjá. Bí a bá ti kí i tán, ẹ jẹ́ ká tún bi í bí ó ṣe ń sùn.