Ọkọ̀ Tó Ṣá ní Ọ̀fàtẹ̀dó: Màmá Fẹ́ Kó Dán, Ọ̀gá Pẹ́ńtà Ní Ó Ti Sán

Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Òṣogbo lọ sí Ẹdẹ, kó tó jókòó dáadáa ló ti dé Ọ̀fàtẹ̀dó. Orúkọ ìlú náà kò fi nǹkan pa mọ́: Ọ̀fà ló tẹ̀ ẹ́ dó. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ ló wà. Kò sí ọ̀sà níbẹ̀, kò sí èbúté. Mọ́tò, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwà ni wọ́n mọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi dúró wòran nígbà tí píkọ́ọ̀pù kan gbé ọkọ̀ ojú omi dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá pẹ́ńtà kan lẹ́bàá títì.

"Ṣé orí títì lẹ fẹ́ wà á ni?" Ọlọ́kadà kan ló sọ bẹ́ẹ̀, ni ẹ̀rín bá sọ.

Ìyá ẹlẹ́ja kan ló ni ọkọ̀. Adágún Ẹrinlẹ̀ nítòsí Ẹdẹ làwọn ọmọ rẹ̀ ti ń fi pẹja. Ọkọ̀ pákó ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, àmọ́ fáíbà ni tiwọn, ọmọ màmá tó wà l'Ékòó ló rà á ránṣẹ́. Nígbà tó dé, búlúù ẹ̀ ń kọ mọ̀nà. Oòrùn ti wá jẹ ẹ́, ó funfun hàù bí ẹsẹ̀ ọmọdé nígbà ọyẹ́. Ẹnì kan fẹ́ rà á, Jímọ̀ ló ń bọ̀ wá wò ó. Màmá ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi epo ẹ́ńjìnnì nù ún. Ó dán fún ọjọ́ méjì, eruku bá lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀gá pẹ́ńtà kò sáré gbé ẹ̀rọ. Ó fi ọṣẹ àtomi fọ̀ ọ́, ó jẹ́ kó gbẹ, ó wá fi àkísà dúdú nù ún. Àkísà funfun bí èyí tí tíṣà fi nu pátákó. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, ara ọkọ̀ gan-an ni oòrùn sọ di ìyẹ̀fun. Awọ òde ọkọ̀ fáíbà, tí wọ́n ń pè ní gelcoat, kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Ẹni tó bá há a jù á kan fáíbà, omi á sì rọ́nà wọlé. Nítorí náà, sáńpépà tí wọ́n rẹ sómi ni wọ́n ń lò: 800 tàbí 1000 bó bá ṣá púpọ̀, kí wọ́n tó bọ́ sí 1500 àti 2000. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan rọ́bìn, pólíìṣì, àti wáàsì nígbẹ̀yìn. Ẹ̀rọ tó ń yí kò gbọdọ̀ dúró sójú kan, ooru á jó o. Wáàsì náà kì í pẹ́; bó bá tó oṣù díẹ̀, ẹ ó tún un fi. Ẹni tó bá sì ní òun á kàn fọ́n ọ̀dà lé ìyẹ̀fun lórí, kó máa retí kó bó bí èèpo àlùbọ́sà.

Ìdí ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnnì mọ́, ni wàhálà ti dé. Bí ìyẹ̀fun ti kúrò, àwọn ìlà tín-ín-rín yọ bí òwú aláǹtakùn. Ọ̀gá mú owó ẹyọ àtijọ́ kan nínú àpótí irinṣẹ́, ó ń fi kan ara ọkọ̀: kọ́, kọ́, kọ́. Ó dé ìdí, ó dún bùù.

"Màmá, ẹ wá gbọ́. Inú ibí yìí ti ṣí kúrò lára ara wọn. Ó ti sán."

"Ọmọ mi, ta ló bi ọ́ léèrè sísán? Mo ní kó dán. Ṣé ẹni tó fẹ́ rà á máa fi owó ẹyọ lù ú ni?"

"Mo lè mú kó dán, ma, tí ẹ ó fi rí ojú yín níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ mọ iye èèyàn tó ń wọ̀ ọ́."

Màmá kò fèsì. Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ kò ṣòroó yé: owó ẹja kì í pọ̀, àtúnṣe yìí kì í sì í ṣe kékeré. Wọ́n á há ibi tó sán kan fáíbà tó ṣì le, á gbẹ dáadáa, wọ́n á fi aṣọ fáíbà tuntun àti rẹ́sìn dí i, kí wọ́n tó tún fi gelcoat bò ó. Ìyẹn kò lè bá Jímọ̀. Àwọn òǹwòran pín sí méjì. Àwọn kan ní ẹni tó ń rajà ló yẹ kó la ojú ẹ̀. Bàbá kan bi wọ́n pé bó bá jẹ́ ọmọ wọn ló fẹ́ wọ̀ ọ́ ńkọ́?

Ìyá náà jókòó sórí táyà, ó ní kí wọ́n ra píọ́ wọ́tà wá fún òun. Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo ibi tó sán po. Ó wá mú fóònù.

"Alàgbà, ẹ má dúró di Jímọ̀ mọ́. Ẹ wá wò ó lọ́la, bó ṣe wà gan-an. Ẹ̀yin náà ẹ ó sọ iye tí ẹ máa yọ nínú owó."

Ọ̀gá pẹ́ńtà ti ń ká wáyà ẹ̀rọ ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló tíì dán.