Òkété Inú Yàrá Wa

Bí ẹnìkan bá ti sọ fún wa nígbà tí a kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí pé a ó sin òkété bí ẹni ń sin ológbò, ẹ̀rín ni à bá fi í rín. Òkété tí a mọ̀ ní ilé ni èyí tí ó wà nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí a ń ro oko ilé-ẹ̀kọ́, a bá ọmọ òkété kan ní ẹnu ihò, a kò sì rí ìyá rẹ̀. Àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbé yàrá kan gbé e wálé sínú àpótí pákó.

Ìtọ́jú rẹ̀ dùn mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ṣe é ní àṣejù. Ní òròòwúrọ̀ a ó da koríko tí ó fi tẹ́ ibùsùn nù, a ó fi ọṣẹ fọ àpótí náà, a ó sì sá a sí oòrùn. Ekùrọ́ àti ègé iṣu tí ó fi àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó jọ sí igun kan ní òru, a kà á sí ìdọ̀tí, a sì gbá a dànù. Òótọ́ ni pé a mọ̀ pé òru ni òkété ń jẹ̀, nítorí ọmọ ọdẹ wà nínú wa. Síbẹ̀ a rò pé ẹni tí ó bá ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ níláti máa tẹ̀lé aago, a sì ń jí i ní ọ̀sán.

Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí rù. Ní gbogbo òru ni ó ń sá yí inú àpótí ká, tí ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra ara pákó. Níkẹyìn ó gé ọ̀kan nínú wa jẹ ní ìka, àwọn kan sì ní kí a kúkú sè é. Bàbá tí ń ṣọ́ oko ni ó gbà á sílẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, imú ni òkété fi ń mọ ilé. Ẹ ń fọ ilé mọ́ ọn lójú lójoojúmọ́.”

Ojú tì wá. Imú yìí kan náà ni ìbátan rẹ̀ kan tí a bí ní Tànsáníà, Magawa ni orúkọ rẹ̀, fi wá bọ́ǹbù tí a rì mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Kàm̀bódíà, tí ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní 2020. Láti ọjọ́ náà, bí a bá pààrọ̀ koríko, a ó fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ti àtijọ́, a kò sì fi ọwọ́ kan ekùrọ́ rẹ̀ mọ́. Ó sanra.

Ní òru kan ó fi eyín lu pákó já, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwa tí a ti ń kùn pé kì í jẹ́ kí a sùn kò rí oorun sùn ní òru kejì. A gbé ekùrọ́ mẹ́wàá sí ẹnu ihò tí a ti kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò ku ẹyọ kan. Ó lè jẹ́ òkété mìíràn ni ó kó o. A tún gbé mẹ́wàá síbẹ̀.